Ẹni Tó Jókòó sí Igun Ẹ̀yìn Súbárù Falí

Mo mọ ohun tí àwọn ará Accra máa ń sọ nípa àwa fítà, àwa tí à ń tún mọ́tò ṣe. Wọ́n ní bí a bá sọ pé mọ́tò yóò jáde lọ́la, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló wà lọ́kàn wa. Wọ́n ní irọ́ tó wà lẹ́nu wa pọ̀ ju epo tó wà lára aṣọ wa lọ. Kí wọ́n máa wí. Lórí ọ̀rọ̀ ìgbà tí mọ́tò yóò jáde, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló rí i, ọwọ́ mi yìí ló sì wọ̀n ọ́n, ojúmọmọ sì ni.

N kì í mutí. Mùsùlùmí ni mí, Nima ní Accra ni wọ́n bí mi sí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí àwọn àgbà bá ń sọ ìtàn iwin nínú àgbàlá, èmi ni mo máa ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n á fi lé mi wọlé lọ sùn. Ìyàwó mi nìkan ni mo tíì sọ èyí fún. Bí ẹ bá mọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Lapaz, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá bi mí níbẹ̀. Mo ní oníbàárà.

Falí ló ni mọ́tò náà. Ilé kan náà la ti dàgbà ní Nima. Ìyá rẹ̀ àti ìyá mi jọ ń dáná nínú àgbàlá kan ni, ẹ̀yìn mi ni wọ́n sì máa ń pọ̀n ọ́n sí nígbà tó wà ní jòjòló. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni. Ìjọba gbé e lọ sí abúlé kan ní ìhà odò Afram, níbi tí ọ̀nà ti máa ń di ẹrẹ̀ pátápátá bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Takisí kì í débẹ̀ nígbà náà. Orí ọ̀kadà ni wọ́n ń gbé aláboyún tó bá ń rọbí sí, ọlọ́kadà níwájú, ìyá ọkọ lẹ́yìn, obìnrin náà láàárín, kí wọ́n lè gbé e dé ọsibítù ńlá. Àwọn kan ń débẹ̀. Àwọn kan kì í dé. Falí ló máa ń pa ojú wọn dé lójú ọ̀nà, ó sì sọ fún mi pé òun kò lè ṣe é mọ́.

Ìdí nìyẹn tó fi ra Súbárù Fọ́rẹ́sítà àtijọ́ kan, tó wà á wá sọ́dọ̀ mi, tó ní kí n sọ ọ́ di mọ́tò tó lè la ẹrẹ̀ àti odò kọjá kí òjò tó dé. Inú mi dùn. Mo fẹ́ràn irú mọ́tò bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń wọ́ ara rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sùn sílẹ̀ dípò kó nà ró, nítorí náà kì í tètè dojú dé. Àwọn olówó ń fi jíìpù ńlá gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé lórí ọ̀dà. Ẹ fún mi ní Súbárù àtijọ́ àti ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wo ohun tí n óò fi gùn.

Ọ̀dọ̀ ẹbí kan ní Dansoman ló ti rà á. Bàbá tó ni ín ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní òkè òkun, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ìyá arúgbó kan, ló ń bá wọn tà á. Falí ní ẹnìkan ti fẹ́ rà á ṣáájú òun, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá náà béèrè ibi tí òun ti ń ṣiṣẹ́, tí òun sì sọ fún un, ó yí ọkàn padà lójú ẹsẹ̀, ó ní Falí ni òun máa tà á fún. A ní oore Ọlọ́run ni.

Èmi àti Kwame, wẹ́dà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, la jọ ṣiṣẹ́ náà. A tú ṣọ́kì tó ti rẹ̀ dànù, a wá sípírìn tó gùn sí i. A fi pákìn, ìyẹn irin róbótó tí a máa ń tẹ́ sórí sípírìn, gbé ara mọ́tò náà sókè kúrò lórí táyà. A fi táyà eléyín ńlá sí i. Kwame jó irin pẹlẹbẹ mọ́ abẹ́ ẹ́ńjìnnì kí òkúta má baà fọ́ ọ, ó sì gbé ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí lọ sókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì iwájú, kí odò má baà wọ̀ ọ́ nímú. Nígbà tí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kúrò lórí jáàkì, mo dúró, mo ń wò ó. Ẹ gbà mí gbọ́, mo gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán.

Kwame ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ti wọlẹ̀.

Lóòótọ́ ni. Ní ẹsẹ̀ mẹ́ta yòókù, gbogbo àtẹ́lẹwọ́ mi ló wọ àlàfo tó wà láàárín táyà àti mọ́gáàdì. Ní ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ìka lásán ló wọ̀ ọ́. Kwame ní ta ni ọ̀gá tó jókòó sínú mọ́tò wa, nítorí igun ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni àwọn ọ̀gá máa ń jókòó sí ní Ghana, kí dírẹ́bà wà níwájú lápá òsì. A jọ rẹ́rìn-ín.

Mo ní sípírìn ni. Mo gbé ti òsì sí ọ̀tún, mo gbé ti ọ̀tún sí òsì. Ọ̀tún ló ṣì wọlẹ̀. Mo pààrọ̀ ṣọ́kì. Mo ní bóyá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi ni kò tẹ́jú, a tì í lọ sórí kọnkéré iwájú ilé epo. Bákan náà ni. Mo ṣí búùtù, mo wo abẹ́ àga, mo wo ibi tí wọ́n ń fi sípíà táyà sí, bóyá olóògbé náà gbàgbé ẹrù síbẹ̀. Ìwé ìròyìn tó ti pọ́n àti síbí kan ni mo rí.

Ohun tí fítà máa ń ṣe nígbà náà kò le. Ẹsẹ̀ tó bá wọlẹ̀, pákìn tó nípọn ju ti ìyókù lọ la máa ń fi sí i, kí mọ́tò lè dúró gbọọrọ. Gbogbo fítà Accra ló ń ṣe é. A kì í bá mọ́tò jókòó ká bi í pé kí ló dé. Kwame gé irin tó nípọn, mo ki í bọ̀ ọ́, mọ́tò tẹ́jú bí omi inú abọ́. Mo fi ọwọ́ gbá òrùlé rẹ̀, mo pe Falí pé kó máa bọ̀.

Bí iṣẹ́ bá parí ní ṣọ́ọ̀bù mi, ẹni tó ni mọ́tò ló ń wà á lọ dán an wò, èmi á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí nǹkan kan bá máa já, kó já lójú mi. Lẹ́yìn ìrun àsárì, èmi àti Falí gba ìhà Pokuase lọ, a yà sí ọ̀nà kan tí àwọn onítípà tó ń kó yanrìn ti bà jẹ́. Gegele, òkúta, ẹrẹ̀, gbogbo ohun tí à ń wá ló wà níbẹ̀. Òòrùn ṣì ń ràn. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn mọ́tò.

Falí mọ mọ́tò í wà. Ó gun òkè, ó sọ̀, ó la adágún kan kọjá, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà la dé kòtò kan tó jìn ní ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ní kó gbà á ní ìbú. Bí ẹ̀yìn mọ́tò bá ṣófo nínú irú kòtò bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀, mo sì fẹ́ wo bó ṣe máa ga tó. Mo yọ orí síta, mo wẹ̀yìn.

Ẹsẹ̀ náà kò kúrò nílẹ̀. Ó tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, bí ìgbà tí ẹni tó sanra jókòó lé e.

Mo fa orí padà kí n lè sọ fún Falí, mo wá rí i pé kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ojú rẹ̀ wà nínú dígí tó fi ń wo ẹ̀yìn. Ó ti dẹ mọ́tò lọ́wọ́.

"Bùọ̀dá mi," ó sọ ọ́ lábẹ́ ohùn, "ẹ má yíjú kíákíá. Pílíìsì, ẹ rọra wo ìdìmú yẹn."

Ẹ mọ ìdìmú tí wọ́n máa ń fi sókè fèrèsé, èyí tí èrò máa ń dì mú bí ọ̀nà bá ń gbọ̀n wọ́n. Sípírìn kékeré wà nínú rẹ̀. Bí ènìyàn kò bá fà á wálẹ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ òrùlé. Èyí tó wà ní igun ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ti wálẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. A bọ́ sójú ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó padà lọ lẹ̀ mọ́ òrùlé. A tún dé gegele, ó tún wálẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló ń wálẹ̀, bíi ti àgbàlagbà tí kò fẹ́ kí àwọn ọmọdé mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun.

Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ṣì dúdú. Mo wá àlàyé kiri inú orí mi, n kò rí.

Falí tẹ bíréèkì lábẹ́ igi dóńgóyárò kan. Kò pa ẹ́ńjìnnì. Bí a ti dúró báyìí, ìdìmú náà já lọ sókè, ẹ̀yìn mọ́tò sì gbé sókè lábẹ́ wa, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí èrò bá sọ̀. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ilẹ̀kùn kò ṣí.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Fítà ni mí, bí nǹkan bá ṣe mọ́tò, abẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò. Mo fi ọwọ́ wọn ẹsẹ̀ náà. Àtẹ́lẹwọ́ mi wọ̀ ọ́, ààyè sì tún ṣẹ́ kù lórí rẹ̀. Pákìn tó nípọn tí mo ki bọ̀ ọ́ ti wá gbé ẹ̀gbẹ́ yẹn ga ju èkejì lọ. Ìgbà yẹn ló yé mi. Ní ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí mo rò pé mọ́tò tẹ́jú tí mo ń gbá òrùlé rẹ̀, kò ṣófo.

Ojú ọ̀nà dákẹ́. Lábẹ́ igi náà, ewé gbígbẹ ń dún bí ẹni ń rìn lórí rẹ̀. Ó lọ díẹ̀, ó dúró fún ìgbà díẹ̀, ó tún ń padà bọ̀. Bàbá àgbà tó sọ̀ láti tọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ló jọ. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. N kò rí ẹnikẹ́ni, ewé náà sì ń dún bọ̀ lọ́dọ̀ mi títí tó fi dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ọwọ́ mi ṣì wà nínú àlàfo táyà nígbà tí mọ́gáàdì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lé e lórí.

Mo fa ọwọ́ yọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ bó. Àpá náà wà níbẹ̀ dòní.

A gba ọ̀nà Lapaz padà. Falí ń ka Ayatul Kursiyyu inú Kùránì lábẹ́ ohùn. Ìdìmú náà ń wálẹ̀, ó ń padà sókè, ní gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó.

Ní ọjọ́ kejì a lọ sí Dansoman. Ìyá arúgbó náà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú aṣọ dúdú ọ̀fọ̀ lára rẹ̀. Twi, èdè àwọn Akan, ló ń sọ, èmi àti Falí sì gbọ́ ọ dáadáa. Mo sọ gbogbo ohun tí a rí fún un. Kò yà á lẹ́nu, ìyẹn sì dẹ́rù bà mí ju ìdìmú lọ.

Ó béèrè igun tó jẹ́. Mo sọ fún un. Ó mi orí, ó ní ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n òun máa ń jókòó sí láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú tó sì gba dírẹ́bà. Ó ní bàbá náà sọ fún gbogbo wọn pé bí òun bá kú, kí wọ́n gbé òun lọ sin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá òun, nílùú òun ní ìhà Afram. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ti òkè òkun dé kò ráyè. Wọ́n ní ọ̀nà náà burú, wọ́n sin ín sí Accra, wọ́n wọkọ̀ òfuurufú padà. Ẹ̀yin tí ẹ bá àwọn Akan gbé mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Lójú tiwọn, ẹni tí wọn kò bá gbé délé kò tíì sinmi.

Falí ń wò ó. Ó bi í jẹ́jẹ́ bóyá torí ìyẹn ló ṣe ta mọ́tò náà fún òun, nítorí pé ọ̀nà kan náà ni òun máa gbà lọ síbi iṣẹ́. Ìyá náà wo ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó béèrè bóyá mo ṣe nǹkan kan sí ibi tí ẹ̀gbọ́n òun jókòó sí. Mo sọ ọ̀rọ̀ pákìn fún un. Ojú rẹ̀ yí padà.

"O mọ̀ pé ó wúwo," ó ní, "o sì ṣe ààyè fún un?"

Mo ní n kò mọ̀ pé ènìyàn ni.

"A kàn fẹ́ kó bá yín dé ibẹ̀ ni," ó ní, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. "Ìwọ wá fún un ní àga. Gbogbo wọn ti mọ̀ báyìí pé mọ́tò yìí ń gbé wọn."

Mo béèrè àwọn tó ń jẹ́ gbogbo wọn. Ó ní ká lọ gbé ẹ̀gbọ́n òun délé ná. Bí a bá dé oríta ìlú náà, ká ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ká sọ fún un pé a ti dé, ká má sì wò ó bó ṣe ń lọ.

Mo fẹ́ yọ pákìn náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Falí kọ̀. Ó ní bí mo bá yọ ọ́, ṣé bàbá náà máa sọ̀ ni? Ó máa jókòó síbẹ̀ náà ni, mọ́tò á wá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú odò, á sì da èrò inú rẹ̀ sómi. Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀. Ó ní àwọn obìnrin ń dúró de òun, àwọn méjì lára wọn ti wọ oṣù wọn. Inú bí mi sí i, mo bú u, lẹ́yìn náà mo lọ mú báàgì mi. Ta ló máa jẹ́ kí ọmọ tó dàgbà lẹ́yìn òun dá gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ rìn?

A gbéra lẹ́yìn ìrun àárọ̀ ọjọ́ kejì. N kò yíjú wẹ̀yìn títí a fi dé etí odò Afram, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti máa ń gbé mọ́tò sọdá. Èrò gbọ́dọ̀ sọ̀ kí mọ́tò tó wọ inú ọkọ̀. Mo sọ̀. Ọkùnrin tó ń tọ́ mọ́tò sọ́nà kan gíláàsì ẹ̀yìn, ó tẹ̀ ba, ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ pé, "Papa, mepa wo kyɛw, si fam." Ó ń bẹ bàbá kan pé kó sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró kó sọ̀. Lẹ́yìn náà ló sún mọ́ gíláàsì náà, ó wò ó dáadáa, ó wò mí, ó sì kúrò níbẹ̀ láì tún fọwọ́ kan mọ́tò wa mọ́. Kò gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wa.

Ọ̀nà tó wà lódìkejì burú ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹrẹ̀ dé ilẹ̀kùn. A la odò kékeré bí mélòó kan kọjá, omi ń gun bọ́nẹ́ẹ̀tì, mọ́tò náà kò tẹ̀, kò kú, kò kọsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n yin ara mi díẹ̀. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù ń bà mí, mo rí i pé iṣẹ́ náà dára. Ìdìmú ẹ̀yìn kò lọ sókè mọ́. Bàbá náà dì í mú láti odò dé oríta.

Ní oríta náà, Falí dúró. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ya wọ inú oko kòkó lọ. Èmi ni mo sọ̀ tí mo ṣí ilẹ̀kùn. Mo kọjú sí ibòmíràn, mo sọ ohun tí ìyá náà kọ́ wa pé ká sọ, "Papa, yɛadu."

Mọ́tò gbé sókè. Mo gbọ́ ìró sálúbàtà nínú ẹrẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń lọ jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ó ń yára, lẹ́yìn náà, wàláhì, ó ń sáré. Àgbàlagbà tó ń sáré lọ bá ìyá rẹ̀. N kò wò ó. Nígbà tí mo padà wọlé, Falí ń sunkún, omi sì wà lójú èmi náà.

Kí a tó jẹun ní abúlé tí Falí ti ń ṣiṣẹ́ ni mo ti gbé mọ́tò náà sórí jáàkì. Mo yọ pákìn náà, mo jù ú sínú igbó, mo fi èyí tó dọ́gba pẹ̀lú ti ìyókù rọ́pò rẹ̀. Mo wọn ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Mo wọ tòròtóró, ọkọ̀ akérò wa, padà sí Accra, mo sùn bí ọmọ ọwọ́.

Ì bá dára kó parí síbẹ̀. Èmi náà rò pé ó parí.

Falí dé ní ìjẹta, lẹ́yìn tí òjò dá, kí n lè bá a yí ọ́ìlì. Mo wà níwájú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mọ́tò náà yà kúrò lórí títì. Imú rẹ̀ wà lókè, ìdí rẹ̀ wọlẹ̀, ọ̀tún àti òsì. Mo ní Falí ti kó iṣu bọ̀ fún wa. Mo ṣí búùtù. Kò sí iṣu. Òun nìkan ló wà nínú mọ́tò, ó rù, ojú rẹ̀ sì ti jìn.

Ìdìmú ẹ̀yìn méjèèjì ti wálẹ̀. Mọ́tò ti dúró, ẹ́ńjìnnì ti kú, ilẹ̀ tẹ́jú, síbẹ̀ wọn kò padà sókè. Bí mo ti ń wò wọ́n, ti òsì padà lọ sókè. Ó sinmi. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó tún wálẹ̀, ó le, ó ń gbọ̀n, ó tún padà. Mo ti bímọ, mo ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mi nígbà tó ń rọbí. Mo mọ ohun tó ń fà báyẹn tó ń dẹ̀.

Falí jókòó sórí táyà àtijọ́, ó sọ ọ́ fún mi. Ó ní àwọn tí ọ̀kadà kò gbé dé ọsibítù ni. Bí òun bá ti kọjá níbi tí ẹnìkan lára wọn kú sí, mọ́tò á wọlẹ̀. Òun á gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù, òun á ṣí ilẹ̀kùn, òun á sọ pé a ti dé, bí a ṣe sọ ọ́ fún bàbá. Wọn kì í sọ̀. Wọn kò tíì bí.

"Ẹ bá mi gbé e sókè sí i," ó ní. "Abẹ́ rẹ̀ ti ń wọ́lẹ̀ nínú odò."

Mo ní n kò jẹ́ ṣe é. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pe òun sí ọmọbìnrin kan tó ń rọbí, alààyè. Òun wa mọ́tò dé ẹnu ọ̀nà wọn, òun ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un. Ọmọbìnrin náà yọjú wo inú rẹ̀, ó fà sẹ́yìn, ó ní ibẹ̀ ti kún. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Ó gun ọ̀kadà lọ.

"Ṣé ó dé?" ni mo bi í.

Falí ń wo ìdìmú ẹ̀yìn lápá òsì, ètè rẹ̀ ń mì, bí agbẹ̀bí ṣe máa ń kà á láti mọ bí ìrora ṣe ń sún mọ́ra sí.

Mọ́tò náà wà ní ṣọ́ọ̀bù mi bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí. N kò tíì fọwọ́ kàn án. Kwame kò wá sí ṣọ́ọ̀bù láti àná. Falí ní òun ń padà lọ, bí mo ṣe é, bí n kò ṣe é, nítorí ọ̀kadà nìkan ló tún kù fún àwọn obìnrin náà. N kò mọ èyí tí mo máa ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra mọ́tò àtijọ́, ẹ gbọ́. Bí igun kan bá wọlẹ̀, ẹ pààrọ̀ sípírìn. Ẹ pààrọ̀ ṣọ́kì. Bó bá ṣì wọlẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó tẹ̀, ẹ má fi nǹkan kan gbé e sókè, bó ti wù kí fítà yín bẹ̀ yín tó. Bí aláboyún kan bá sì dé ẹnu ọ̀nà mọ́tò tó ṣófo lójú yín, tó ní kò sí ààyè, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ bá a wá mọ́tò mìíràn, kí ẹ sì ṣe kíá.